"Rárá" Kì Í Ṣe "Hẹn"

Àwọn àgbà tó wà láyìíká wa fẹ́ràn láti máa sọ pé ìfẹ́ ayé àtijọ́ mọ́. Wọ́n á ní nígbà tiwọn, ọmọkùnrin máa ń kọ lẹ́tà, ó máa ń ní sùúrù, ó lè dúró sẹ́nu ọ̀nà títí ilẹ̀ á fi ṣú nítorí ọmọbìnrin kan ṣoṣo. Wọ́n á ní ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, kí lẹ mọ̀ ju fóònù lọ? Bí a bá wá bi wọ́n pé níbo ni wọ́n ti kọ́ ìfẹ́ tó mọ́ yìí, wọ́n á rẹ́rìn-ín músẹ́. Wọ́n á dárúkọ Pacesetters. Wọ́n á dárúkọ Mills & Boon. Wọ́n á ní, Hints ńkọ́?

Ó dáa. A ti lọ wá àwọn ìwé náà kà. A ò kàn gbọ́ nípa wọn o, a kà wọ́n láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ohun tí a rí níbẹ̀ la fẹ́ sọ, kò sì ní dùn mọ́ gbogbo èèyàn nínú.

Àwa mẹ́fà ni: ọmọbìnrin mẹ́rin, ọmọkùnrin méjì. Kò sẹ́ni tó tíì pé ọdún mẹ́rìnlélógún nínú wa, ìjọba ìbílẹ̀ Òṣòdì-Ìsọlọ̀ sì ni gbogbo wa ń gbé. Méjì ń gbé ní Máfolúkù, méjì ní Òkòtà, ẹnì kan ní Ìlasamàjà, ẹnì kan ní Àjàó Estate. Ọwọ́ ọkùnrin kan tó ń ta ìwé àlòkù nítòsí Bọ́ládé la ti ra àwọn ìwé náà. Okùn ló fi dì wọ́n mẹ́wàá mẹ́wàá bí igi ìdáná, kò tilẹ̀ wo àkọlé wọn. Pacesetters wà níbẹ̀, Mills & Boon wà níbẹ̀, Sweet Valley High náà wà níbẹ̀, pẹ̀lú Hints mélòó kan tí eku ti jẹ létí. Orúkọ àwọn tó ni wọ́n tẹ́lẹ̀ ṣì wà lójú ewé àkọ́kọ́, pẹ̀lú kíláàsì àti ọdún: 1984, 1987, 1991. Ìyẹn ni pé ẹgbẹ́ àwọn ìyá wa, àwọn àǹtí wa àti àwọn bọ̀dá wa ló ni wọ́n.

Ọjọ́ tí a rà wọ́n gan-an ni ọ̀rọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀. Bí a ṣe ń kó ìwé lọ síbi tí a ti máa wọ dánfó Ìsọlọ̀, ọkùnrin kan tó ń ta ṣòkòtò jíǹsì na ọwọ́, ó sì gbá ọ̀kan nínú àwọn ọmọbìnrin wa lọ́rùn ọwọ́ mú. Ó ní kó wá ra ṣòkòtò. Ọmọbìnrin náà ní rárá. Ó ní kó kàn wá wò ó lásán. Ọmọbìnrin náà ní rárá. Ó ní bí kò bá tiẹ̀ ra nǹkan kan, òun fẹ́ràn rẹ̀. Ọmọbìnrin náà ní rárá, ẹ fi mí sílẹ̀. Ọkùnrin náà bú sẹ́rìn-ín, ó ní, "Ṣàkárà nìyẹn, mo mọ̀ ẹ́." Kò fi í sílẹ̀ àfi ìgbà tí ọ̀kan nínú àwa ọkùnrin sún mọ́ wọn. Ìgbà yẹn ló wá tọrọ àforíjì. Ta ló tọrọ ẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀? Ọkùnrin ni! Ó ní, "Bọ̀dá, ẹ má bínú, mi ò mọ̀ pé ẹ̀yin lẹ ni ín."

Ìyá kan tó ń ta tòmátì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀ ti ń wò wá látìbẹ̀rẹ̀. Ó ní, "Ọmọ mi, má jẹ́ kó bí ẹ nínú. Ó fẹ́ràn ẹ ni."

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ṣùgbọ́n àgbà wà lọ́jà lọ́jọ́ náà. Kì í ṣe èèyàn burúkú, ó tiẹ̀ fún ọmọ náà lómi mu. Ohun tí wọ́n kọ́ ọ pé ìfẹ́ jẹ́ ló sọ.

Nígbà tí a délé tí a ṣí àwọn ìwé wa, gbólóhùn ìyá yẹn ló ń pàdé wa káàkiri. Kò sí nínú gbogbo wọn, ká sòótọ́, ṣùgbọ́n ó pọ̀ débi pé a bẹ̀rẹ̀ sí í kà á bí ẹni ka owó. Ọkùnrin á rí ọmọbìnrin, ọmọbìnrin á ní òun ò fẹ́. Ọkùnrin á gbá a lápá mú, á tì í mọ́ ògiri, tàbí kó fi mọ́tò dí i lọ́nà. Ọmọbìnrin á bínú, àyà rẹ̀ á sì máa lù kìkì. Ní orí méjì sí i, wọ́n ti ń fẹ́ra. Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ni pé inú tó bí ọmọbìnrin gan-an ni àmì pé ó ti gbà, òun fúnra rẹ̀ ni kò tíì mọ̀.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀kan nínú irú ojú ewé bẹ́ẹ̀, ẹnì kan ti fi pẹ́ńsùlù kọ ọ̀rọ̀ sí i. Ọwọ́ ọmọdé ni, ó rọra tẹ̀ ẹ́ kó má baà hàn jù. Ohun tó kọ ni pé, ìfẹ́ tòótọ́ nìyí. Ọdún 1987 ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ tó wà níwájú ìwé náà, orúkọ obìnrin. Gbogbo wa dákẹ́. Ẹni náà á ti lé ní àádọ́ta ọdún báyìí, ó sì ṣeé ṣe kó ti bímọ tó jẹ́ ẹgbẹ́ wa.

Ẹ jẹ́ ká fún àwọn ìwé náà ní ẹ̀tọ́ wọn ná, nítorí a ò wá bú wọn lásán. Láti ọdún 1908 ni ilé iṣẹ́ Mills & Boon ti wà ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù. Sweet Valley High bẹ̀rẹ̀ ní 1983, ìlú kan ní California ni gbogbo ẹ̀ ti ń ṣẹlẹ̀, àwọn ọmọ olówó tó ń wa mọ́tò lọ sílé ìwé ló sì wà níbẹ̀. Àwọn òbí wa kà wọ́n nínú mọ́lùẹ̀, nínú òógùn. Ìgbà tí Macmillan bẹ̀rẹ̀ Pacesetters ní 1977 ni nǹkan yí padà. Director! tí Agbo Areo kọ wà lára èyí tó kọ́kọ́ jáde. Ìwé náà lé ní ọgọ́rùn-ún kí wọ́n tó dáwọ́ dúró, òǹkọ̀wé Nàìjíríà, Kẹ́ńyà àti Botswana wà nínú wọn. Helen Ovbiagele kọ Evbu My Love ní 1980 àti Forever Yours ní 1985, ó sì tún ṣe olóòtú ojú ewé obìnrin fún ìwé ìròyìn Vanguard. Àwọn ọmọbìnrin wá rí orúkọ tó jọ tiwọn nínú ìwé ìfẹ́. Hints náà bẹ̀rẹ̀ nígbà tí àwọn ọdún 1980 ń parí lọ, Ibe Kachikwu tó padà di mínísítà ló dá a sílẹ̀, Helon Habila sì ṣiṣẹ́ níbẹ̀ kó tó di gbajúmọ̀ òǹkọ̀wé. Iṣẹ́ ńlá ni gbogbo èyí. Àwọn ìwé náà ló jẹ́ kí ọ̀pọ̀ èèyàn fẹ́ràn ìwé kíkà. Ìdí nìyẹn gan-an tí ohun tó wà nínú wọn fi ṣe pàtàkì.

Ẹ má sì sọ fún wa pé òyìnbó ló kó o wá. Nínú Èdè Yorùbá wa níbí, ní Èkó wa níbí, I. B. Thomas bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ìtàn Sẹ̀gilọlá Ẹlẹ́yinjú Ẹgẹ́ jáde nínú Àkéde Èkó ní 1929. Lẹ́tà ni, bí ẹni pé obìnrin kan tó ti ṣàìsàn dójú ikú ló ń kọ ọ́, tó ń rántí ẹgbẹ̀rún ọkọ rẹ̀, tó ń sunkún, tó ń kìlọ̀ fún ọmọdé. Ọ̀pọ̀ òǹkàwé gbà pé òótọ́ ni. Ọkùnrin ló kọ ọ́. Ẹgbẹ̀rún ọkọ, ẹ̀yin èèyàn wa! Ta ni ìyà náà wá jẹ? Sẹ̀gilọlá ni.

Ó Le Kú ńkọ́? Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ ọ́, ó jáde ní 1974, Túndé Kèlání sì sọ ọ́ di fíìmù ní 1997. Àjàní ń parí ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ìbàdàn, ìyá rẹ̀ ń dún mọ́ ọn pé kó mú ìyàwó wálé, òun náà wá ń gbé ọ̀rọ̀ Àṣàkẹ́, Lọlá àti Ṣadé yẹ̀ wò. Ohun tí àwọn èèyàn rántí jù nínú fíìmù yẹn ni ìró àti bùbá kékeré tí gbogbo obìnrin tún bẹ̀rẹ̀ sí í rán. A ò sọ pé Ìṣọ̀lá ń yin Àjàní o, ọlọ́gbọ́n òǹkọ̀wé ni, ó mọ ohun tó ń ṣe. Bí àwa ṣe kà á là ń sọ. Nígbà tí a kà á papọ̀, àwa ọkùnrin méjèèjì jẹ́wọ́ pé nílé ìwé girama, ó wù wá ká dà bí Àjàní. Kò sẹ́ni nínú àwọn mẹ́rin tó kù tó wù pé kó dà bí Àṣàkẹ́.

Irọ́ mẹ́ta la rí nínú àwọn ìwé tí a kà.

Àkọ́kọ́: pé bí ọmọbìnrin bá kọ̀, iṣẹ́ ọkùnrin ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni. Ẹ jẹ́ ká fi ara wa ṣàpẹẹrẹ, kí ẹ má baà rò pé àwọn àgbà nìkan là ń bá wí. Ọ̀kan nínú àwa ọkùnrin dẹnu ìfẹ́ kọ ọmọbìnrin kan ládùúgbò ní Òkòtà, lọ́dún mélòó kan sẹ́yìn. Ọmọbìnrin náà ní òun ò fẹ́. Ó wá ń lọ dúró lẹ́nu géètì wọn lálaalẹ́, ọjọ́ mẹ́fà gbáko. Kò sọ̀rọ̀, kò fọwọ́ kàn án, ó kàn ń dúró ni. Lójú tirẹ̀, sùúrù ló ń ṣe, bíi ti inú ìwé. Ní ọjọ́ keje, ìyá ọmọbìnrin náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í sìn ín lọ síbi iṣẹ́, wọ́n sì ń gba ọ̀nà ẹ̀yìn. Ó rò pé ìyá náà ló burú. Ìgbà tí a wá ń ka àwọn ìwé wọ̀nyí sókè ketekete, tí àwọn obìnrin inú wa ń sọ bó ṣe máa ń rí lára wọn bí wọ́n bá ríran rí ọkùnrin tí wọ́n ti kọ̀ lẹ́nu géètì, ló tó yé e pé ẹ̀rù ló ń bà ọmọ náà. Ojú tì í. Òun ló ní ká kọ ọ́ síbí.

Irọ́ kejì: pé ìfẹ́ ní owó tí à ń san, ọmọbìnrin nìkan ló sì ń san án. Bí àwọn méjì bá jọ ṣe nǹkan nínú àwọn ìwé yìí, ọmọbìnrin ló ń lóyún, òun ló ń fi ilé ìwé sílẹ̀, òun ni bàbá ń lé jáde nílé. Ọkùnrin á wọ yunifásítì tàbí kó lọ sí òkè òkun. Bí ó bá padà wá ní ìparí ìwé tó ní òun kábàámọ̀, gbogbo èèyàn á pàtẹ́wọ́. Àṣìṣe ọkùnrin di ẹ̀kọ́ fún un, àṣìṣe obìnrin di orúkọ rẹ̀. Ẹ wo àdúgbò wa kí ẹ sọ fún wa bóyá inú ìwé nìkan nìyẹn wà.

Irọ́ kẹta kò sí nínú ìwé gan-an, bí wọ́n ṣe kà á ló wà: pé ọ̀rọ̀ ìfẹ́, ìkọ̀kọ̀ ni. Abẹ́ ìrọ̀rí ni wọ́n ń fi wọ́n sí. Inú ìwé Báólógì ni wọ́n ń tọ́jú wọn sí tí tíṣà bá wọlé. Wọ́n kà á tán, wọn ò bá ẹnikẹ́ni jíròrò rẹ̀, wọ́n sì wá gbé e fún wa láìsọ̀rọ̀, bí ìgbà tí èèyàn bá jogún gbèsè.

Àwọn kan máa ní, "Ìwé lásán ni, ẹ má fi ṣe ìjà." Ṣebí ẹ̀yin náà lẹ sọ pé ìwé wọ̀nyí ló kọ́ yín ní ìfẹ́ tó mọ́? Ẹ mú ọ̀kan. Bí ìwé bá lè kọ́ yín ní sùúrù àti lẹ́tà kíkọ, ó lè kọ́ yín pé rárá kì í ṣe rárá. Kò lè jẹ́ pé ohun rere nìkan ló wọlé, tí búburú dúró síta.

Àwọn mìíràn á ní àṣà wa nìyẹn, pé ọmọbìnrin Yorùbá kì í tètè gbà, pé ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ṣe ojú tì mí. Ọ̀rọ̀ yìí ló dùn wá jù, nítorí àṣà náà kò bá yín lọ tó bí ẹ ṣe rò. Nínú ètò ìgbéyàwó ayé àtijọ́, lẹ́yìn ìfojúsóde, alárinà ló wà láàárín. Alárinà ni ọmọbìnrin lè sọ fún pé òun ò fẹ́, láìsí ọwọ́ ẹnikẹ́ni lọ́rùn ọwọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ìṣíhùn, tí àwọn kan ń pè ní ìjọ́hẹn. Ẹ tẹ́tí sí ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀: ìṣí-ohùn. Ó ní láti la ẹnu. Àfi bí ó bá ní hẹn. A mọ̀ pé ayé ìgbà náà kì í ṣe párádísè. Àwọn ọmọbìnrin kan wà tí wọ́n ti fẹ́ sọ́nà láti kékeré, tí ẹnì kankan ò bi léèrè. A ò ní purọ́ láti gbé àṣà ga. Ṣùgbọ́n àwọn baba ńlá wa mọ̀ pé ohùn ọmọbìnrin jẹ́ nǹkan tí èèyàn gbọ́dọ̀ gbọ́, wọ́n sì fún un lórúkọ. Ọlọ́jà jíǹsì yẹn ò gbọ́ ohùn kankan ju tirẹ̀ lọ. Kó má fi àṣà bojú.

Ẹ má sì sọ pé ká dáná sun ìwé. Wọ́n ti gbìyànjú ẹ̀ ní Kánò. Àwọn obìnrin Hausa ló ń kọ ọ̀pọ̀ ìwé ìfẹ́ tí wọ́n ń pè ní soyayya. Balaraba Ramat Yakubu kọ Alhaki Kuykuyo Ne ní 1990, ó sì fi ojú obìnrin wo ohun tí ọkọ ń ṣe nínú ilé. Ní 2007, gómìnà ìgbà náà, Ibrahim Shekarau, dáná sun irú àwọn ìwé bẹ́ẹ̀ ní gbangba, wọ́n ní ó ń ba àwọn ọ̀dọ́ jẹ́. Iná ò kọ́ ọmọkùnrin kankan ní ìtumọ̀ rárá. Ó kàn gba ìwé lọ́wọ́ àwọn obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ ni.

Ìwé àtijọ́ tilẹ̀ kọ́ ni ìṣòro tó tóbi jù. Àwa tí à ń kàwé lórí fóònù, kí là ń kà? Okadabooks bẹ̀rẹ̀ ní 2013, ó sì kógbá sílé ní 2023, ìwé ìfẹ́ kún ibẹ̀. Wattpad ṣì wà. Ọkùnrin tó ń gbá obìnrin lápá mú nínú ìwé 1987 ti wọ kóòtù báyìí, ó ti ní ọkọ̀ òfúrufú, ó ti di ọ̀gá àwọn màfíà, ó sì ń ti ilẹ̀kùn mọ́ ọmọbìnrin nítorí pé ó nífẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹgbẹ̀rún ọmọ ń fi ọkàn pupa sí abẹ́ rẹ̀. Pẹ́ńsùlù ọmọ 1987 ló di ọkàn pupa yẹn, nǹkan kan náà ni.

Nǹkan ti ń yí padà díẹ̀ o. Ní December 2018, àwọn obìnrin rìn nínú ọjà Yábà, wọ́n pè é ní Market March, wọ́n ní kí àwọn ọlọ́jà yé fọwọ́ fa àwọn. Àwọn ọlọ́jà kan bú wọn, wọ́n sì rìn. Òṣòdì ò jìnnà sí Yábà. Wọ́n wó ọjà Òṣòdì ní 2009 kí ọ̀nà lè fẹ̀, wọ́n wó Ọ̀wọ́nífàrí ní 2016, wọ́n sì kọ́ ibùdókọ̀ ńlá tí wọ́n ṣí ní 2019. Wọ́n tún gbogbo ibẹ̀ ṣe. Ọwọ́ tó ń fa ọmọbìnrin ló kù tí ẹnikẹ́ni ò tíì wó.

JAMB náà gbìyànjú. Wọ́n fi Sweet Sixteen tí Bọ́lájí Abdullahi kọ sínú ìwé kíkà fún ìdánwò. Nínú rẹ̀, ọmọbìnrin kan pé ọdún mẹ́rìndínlógún, bàbá rẹ̀ sì kọ lẹ́tà gígùn sí i. Kì í ṣe gbogbo ohun tí bàbá náà sọ la fara mọ́, ṣùgbọ́n ó sọ̀rọ̀! Ṣé ó wá di dandan kí ìdánwò wà lórí ẹ̀ kí àgbà tó bá ọmọ sọ̀rọ̀ ìfẹ́?

Ohun tí a fẹ́ nìyí. Ẹ̀yin ìyá wa àti bàbá wa, ẹ mú ìwé ìfẹ́ tí ẹ kà nígbà tí ẹ wà lọ́mọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún jáde, kí ẹ jókòó tì wá, ká jọ kà á. Ẹ sọ ibi tó dùn fún wa. Ẹ sọ ibi tó tàn yín jẹ pẹ̀lú. Bí ọmọdé bá ṣubú a wo iwájú, bí àgbà bá ṣubú a wo ẹ̀yìn: ẹ wo ẹ̀yìn, àwa náà á jàǹfààní ẹ̀. Ẹ̀yin ọkùnrin ẹgbẹ́ wa, bí ó bá ní rárá, ẹ máa lọ sílé. Ìyẹn gan-an ni sùúrù. Ẹ̀yin obìnrin ẹgbẹ́ wa, ẹ̀yin tí ẹ ń kọ ìtàn lórí fóònù, ẹ kọ ọkùnrin kan fún wa tó gbọ́ rárá, tó dúpẹ́, tó sì kúrò níbẹ̀, kí ìtàn náà sì dùn síbẹ̀. Ó lè dùn. Ẹ gbìyànjú ẹ̀ wò.

Ìwé 1987 yẹn, a ò tọ́jú ẹ̀. Lábẹ́ ohun tí ọmọ yẹn fi pẹ́ńsùlù kọ, a fi bírò kọ tiwa: "Ó ní rárá. Kí ló dé tí kò gbọ́?" A dá a padà fún ọlọ́jà tó wà nítòsí Bọ́ládé, ó sì tún fi okùn dì í mọ́ àwọn yòókù. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ ni orúkọ tó wà níwájú rẹ̀, Mà, ẹ má bínú pé a kọ nǹkan sínú ìwé yín. A kàn fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ ni.